Erédò Súngbọ́: Ohun tí Ìtàn Wí àti Ohun tí Ọkọ́ Wí

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní Ìkòròdú, tí a sì tún sọ ní Ẹ̀pẹ́

Nígbà tí a kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí ní Ìkòròdú, ọ̀rẹ́ wa kan bi wá léèrè pé kí ni àlùfáà fẹ́ fi yàrà ṣe, a sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ní sùúrù títí a ó fi parí. Ẹ̀bẹ̀ kan náà ni a bẹ̀ yín ní Ẹ̀pẹ́ ní alẹ́ òní.

Ọ̀pọ̀ nínú yín tí ó ti gba ọ̀nà Ìkòròdú wá, tí ó ti kọjá ní Ìtòìkín, tí ó sì ti Ẹ̀pẹ́ gòkè lọ sí Ìjẹ̀bú Òde, ni ó ti rékọjá ohun tí a ń sọ yìí láì mọ̀. Awakọ̀ kì í dúró níbẹ̀. Igbó ni ojú ń rí, ọkọ̀ a sì ti sáré kọjá. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá sọ̀ kalẹ̀, tí ó bá ọdẹ tí ó mọ ọ̀nà wọ inú igbó, yóò dé ibì kan tí ilẹ̀ ti là sí méjì níwájú rẹ̀. Yóò wo ìsàlẹ̀, yóò sì rí i pé yàrà ni, pé ògiri rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ẹni pé a fi ọ̀bẹ gé e, pé ewéko tútù bo ògiri náà, àti pé igi tí ó wà ní òkè ti nawọ́ sí ara wọn títí oòrùn kò fi lè wọlé dáadáa. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀, òtútù yóò bà á. Ariwo ọkọ̀ yóò parẹ́. A ti dúró níbẹ̀ ní ọ̀sán gangan, a sì ní láti súnmọ́ ara wa kí a tó lè rí ojú ara wa dáadáa.

Ohun tí à ń pè ní Erédò Súngbọ́ nìyẹn. Ìlú kan tí ó wà lẹ́bàá yín níhìn-ín tilẹ̀ ń jẹ́ orúkọ yàrà náà gan-an.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí ó ti tóbi tó. Ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àtijọ́ ká bí òrùka tí kò rí roboto dáadáa. Gígùn rẹ̀ lápapọ̀ lé ní 160 kìlómítà, èyí tí ó ju ọ̀nà láti Èkó dé Ìbàdàn lọ. Láti apá àríwá òrùka náà dé apá gúúsù tó nǹkan bí 40 kìlómítà. Apá kan rẹ̀ wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, apá tí ó pọ̀ jù sì wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Yàrà ni ó wà ní ìta, òkìtì ni ó wà ní inú, nítorí pé erùpẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde ni wọ́n kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ tiwọn. Ní àwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé ṣóńṣó òkìtì tó mítà 20. Ẹ fi ilé alájà mẹ́fà sí ọkàn yín, ẹ ó sì mọ ohun tí a ń wí.

Patrick Darling, ọmọwé ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún rìn nínú igbó lẹ́yìn odi Ìbíní àti ti Ìjẹ̀bú, ṣírò rẹ̀ pé erùpẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde tó mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ mítà, bí a bá kà á ní àpótí àpótí tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan. Ó ní ó fi mílíọ̀nù kan ju ìwọ̀n Píramíìdì ńlá ti Íjíbítì lọ. A fẹ́ kí ìṣirò yìí wọ ara yín, nítorí náà a ṣe tiwa lé e lórí. Bí ènìyàn kan bá lè gbẹ́ irú àpótí erùpẹ̀ bẹ́ẹ̀ kan ní ọjọ́ kan, tí ó sì rù ú gòkè, iṣẹ́ náà yóò gba ẹgbẹ̀rún ènìyàn ní ohun tí ó ju ọdún mẹ́sàn-án àti ààbọ̀ lọ láì sinmi ọjọ́ kan. Bí a bá fún wọn ní ọjọ́ ìsinmi kan nínú ọjọ́ méje, yóò ju ọdún mọ́kànlá lọ. Ta ni ó ń se oúnjẹ fún wọn? Ta ni ó ń rọ ọkọ́ wọn nígbà tí ẹnu rẹ̀ bá jẹ? Obìnrin mélòó ni ó ń pọn omi lọ sí ojú iṣẹ́ náà ní òwúrọ̀? Ẹni tí ó bá ti kọ́ ilé kan rí láyé rẹ̀ mọ̀ pé owó oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ nìkan tó láti mú orí ènìyàn hewú.

Ní báyìí, kí ni ìtàn wí? Àwọn àgbà Ìjẹ̀bú sọ pé obìnrin kan wà láyé àtijọ́ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Súngbọ́, Bílíkísù Súngbọ́, tí ó lọ́rọ̀ púpọ̀púpọ̀, tí Ọlọ́run kò sì fún ní ọmọ. Nígbà tí ó rí i pé òun kò ní ọmọ tí yóò máa pe orúkọ òun, ó ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà yìí kí orúkọ òun má bàa parun. Ibojì rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wí, wà ní Òkè-Ẹ̀rì nítòsí Ìjẹ̀bú Òde, àwọn Onígbàgbọ́ àti àwọn Mùsùlùmí sì ń lọ síbẹ̀ láti gbàdúrà. Àwọn mìíràn tún fi kún un pé òun ni ọbabìnrin Ṣébà tí ó tọ Sólómọ́nì lọ láti fi àlọ́ dán an wò.

Níhìn-ín ni a ní láti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wa àkọ́kọ́ fún yín. Ní ìjọ kan tí a ti ṣe iṣẹ́ ìsìn lápá ìhín, ní ọjọ́ Ìkórè, a ka orí kẹwàá Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní, a sì fi gbogbo ẹnu wàásù pé ọmọ ilẹ̀ wa ni ọbabìnrin náà, pé wúrà tí ó kó lọ fún Sólómọ́nì, láti ọ̀dọ̀ wa ni, nítorí náà kí ìjọ má ṣe háwọ́. Ìjọ kò háwọ́. A kò rí owó Ìkórè bí irú rẹ̀ rí. Lẹ́yìn ìsìn, olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì wá bá wa ní yàrá ẹ̀wù, ó dọ̀bálẹ̀ bí ó ti yẹ, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bi wá pé, “Alàgbà, níbo ni Bíbélì ti pe ọbabìnrin náà ní Bílíkísù?” A kò rí nǹkan sọ. Bíbélì kò dárúkọ rẹ̀. Kùránì sọ ìtàn rẹ̀ nínú Súrà tí a ń pè ní ti Èèrà, òun pẹ̀lú kò sì dárúkọ rẹ̀. Àwọn onítumọ̀ Kùránì ni ó fún un ní orúkọ Bílíkísù. Ẹ̀sìn Ìmàle kò sì fìdí múlẹ̀ ní Ìjẹ̀bú títí di ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Èrò tiwa ni pé Súngbọ́ ni orúkọ àtijọ́, àti pé Bílíkísù jẹ́ aṣọ tuntun tí wọ́n wọ̀ fún un lẹ́yìn náà, bí ẹni tí ó fẹ́ mú ìyá rẹ̀ lọ sí àwùjọ àwọn ènìyàn ńlá.

Ṣé kí a wá sọ pé irọ́ ni ìtàn àwọn àgbà nígbà náà? Rárá o. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ṣe pẹ̀lú irú ọ̀ràn yìí, kí a tó padà sílé.

Ní ọ̀rúndún karùn-ún kí a tó bí Olúwa wa, ará Gíríìkì kan tí ń jẹ́ Herodotus kọ ìwé ìtàn ńlá kan. Nínú rẹ̀ ni ó ti sọ nípa ìlú kan ní àríwá Òkun Dúdú, nítòsí àwọn ará Sikítíà, àwọn tí ẹ ti ka orúkọ wọn nínú ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Kólósè. Gelonus ni orúkọ ìlú náà. Ó ní igi ni wọ́n fi mọ odi rẹ̀, pé ìhà kọ̀ọ̀kan odi náà gùn tó nǹkan bí kìlómítà márùn-ún àti ààbọ̀, àti pé ọmọ Gíríìkì ni àwọn ará ibẹ̀ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, tí wọ́n ti kúrò ní èbúté òwò wọn, tí èdè wọn sì ti di àdàlù ti Gíríìkì àti ti Sikítíà. Ìtàn tí ó dùn ni. Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bàbá náà sọ àsọdùn.

Ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Yukréìn lónìí, ní abúlé kan tí ń jẹ́ Bilsk, odi àtijọ́ kan wà tí a fi erùpẹ̀ àti igi mọ. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 33 kìlómítà. Gorodtsov ti gbẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ ní 1906. Láti 1958 ni ọ̀jọ̀gbọ́n kan, Boris Shramko, ti bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ibẹ̀ ní ọdọọdún, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣe é. Wọ́n rí iṣẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ, wọ́n rí àpáàdì ìkòkò àwọn tálákà, wọ́n sì rí àpáàdì ìkòkò dáradára tí ọkọ̀ ojú omi kó wá láti Gíríìkì. Shramko sọ pé Gelonus ti Herodotus nìyí. Àwọn mìíràn gbà á gbọ́, àwọn mìíràn kò gbà títí di òní, nítorí pé ìwọ̀n odi náà kò bá ti ìwé mu déédéé. Ohun tí ó wù wá nínú ọ̀rọ̀ náà nìyí: wọn kò ju ìwé Herodotus nù nítorí ọkọ́, wọn kò sì tẹ ọkọ́ kọrọ̀dọ̀ kí ó lè bá ìwé mu. Wọ́n jẹ́ kí àwọn méjèèjì jókòó bí ẹlẹ́rìí méjì níwájú adájọ́, kí olúkúlùkù sọ tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Ìjẹ̀bú. Ẹlẹ́rìí tí ó kọ́kọ́ fi ìwé sọ̀rọ̀ nípa wa ni ọmọ ilẹ̀ Potogí kan, Duarte Pacheco Pereira, awakọ̀ òkun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, láàárín 1505 sí 1508, ó kọ̀wé nípa ọ̀sà Èkó yìí, ó sì sọ pé bí ènìyàn bá gba orí omi lọ, yóò dé ìlú ńlá kan tí ń jẹ́ Ìjẹ̀bú, tí yàrà ńlá yí ká. Ó dárúkọ ọba ibẹ̀ pẹ̀lú, bí ahọ́n rẹ̀ tilẹ̀ ṣi orúkọ náà pè. Awùjalẹ̀ ni ó fẹ́ sọ. Ó ní ẹrú ni wọ́n ń tà níbẹ̀, wọ́n sì ń fi òrùka idẹ rà wọ́n. Ẹ̀dùn ni èyí jẹ́, a kò sì gbọdọ̀ fò ó nígbà tí a bá ń yin àwọn bàbá wa.

Lẹ́yìn náà ni ìwé dákẹ́ lórí yàrà náà fún ọjọ́ pípẹ́. Ní 1892 àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ yìí, wọ́n sì gba ilẹ̀ gòkè lọ bá àwọn Ìjẹ̀bú jà ní Ìmàgbọ̀n ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Karùn-ún. Ìbọn tí ń yọ ọta bí òjò ni wọ́n gbé dání. Kò sí yàrà tí ó lè dá irú rẹ̀ dúró. Ní 1959 ni Peter Lloyd, ẹni tí ó ń kọ́ nípa àṣà àti ìjọba Yorùbá, kọ ọ̀rọ̀ nípa Erédò sínú ìwé àtìgbàdégbà Odù. Ní 1999 sì ni àwọn oníròyìn àgbáyé gbọ́ nípa iṣẹ́ Darling, wọ́n sì ké e kiri pé a ti rí ìlú ọbabìnrin Ṣébà nínú igbó Nàìjíríà. Darling fúnra rẹ̀ kò sọ pé òun ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ìwé ìròyìn, ibi tí adùn wà ni í gbé lọ. Nígbà náà, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé yàrà náà tó ẹgbẹ̀rún ọdún.

Àwọn tí ó wá fi sùúrù walẹ̀ láti mọ ọjọ́ orí rẹ̀ ni àwọn awalẹ̀pìtàn tí ó kó ara wọn jọ sábẹ́ iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ àti Súngbọ́: Gérard Chouin, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga William and Mary ní Amẹ́ríkà, àti Adisa Ogunfolakan ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Olanrewaju Lasisi náà wà nínú àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà, tí ó sì kọ̀wé lórí rẹ̀. A fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ fi orúkọ àwọn ọmọ ilẹ̀ wa wọ̀nyí sí etí.

Báwo ni a ṣe ń mọ ọjọ́ orí yàrà? Ẹ wo àpótí aṣọ ìyá àgbà. Aṣọ tí ó kọ́kọ́ fi sínú rẹ̀ ni ó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, èyí tí ó wọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni ó wà lókè. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ rí, bí ẹnikẹ́ni kò bá ti tú u. Kí wọ́n tó da òkìtì jọ, ilẹ̀ lásán ni ibẹ̀. Ènìyàn ti dáná lórí rẹ̀, wọ́n ti sun igbó láti fi dáko. Nígbà tí wọ́n da erùpẹ̀ yàrà lé e, èédú iná náà sùn sábẹ́ òkìtì. Nítorí náà èédú tí ó wà lábẹ́ òkìtì dàgbà ju òkìtì lọ. Nígbà tí wọ́n sì gbẹ́ yàrà tán, òjò bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ erùpẹ̀ àti ewé padà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Èédú tí ó bá wà nínú èyí kéré sí yàrà ní ọjọ́ orí. Ẹni tí ó bá mọ ọjọ́ orí èédú méjèèjì ti há iṣẹ́ náà mọ́ àárín.

Ọjọ́ orí èédú kò sì ṣòro fún àwọn tí ó ní ẹ̀rọ rẹ̀. Ohun gbogbo tí ó ní ẹ̀mí, igi tàbí ẹranko, ni ó ń gba irú kábọ̀n kan sínú ara, tí wọ́n ń pè ní kábọ̀n 14. Bí igi bá ti kú, kò gbà á mọ́, èyí tí ó wà nínú rẹ̀ a sì máa dínkù ní ìwọ̀n tí kì í yí padà, tí ó fi jẹ́ pé lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 5,730 ìdajì rẹ̀ nìkan ni yóò kù. Wọ́n wọn èyí tí ó kù, wọ́n sì mọ ìgbà tí igi náà kú.

Iṣẹ́ yìí kò fẹ́ ìkánjú. Ọkọ́ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a ti ń súnmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà, a ó fi ọkọ́ sílẹ̀, a ó mú ìfọlé kékeré, lẹ́yìn náà ọwọ̀ kékeré tí a fi ń gbá eruku. A ó ya àwòrán gbogbo rẹ̀, a ó kọ ìjìnlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí pé ẹni tí ó bá walẹ̀ ti ba ibi tí ó gbẹ́ jẹ́ títí láé. Ohun tí ó bá kọ sílẹ̀ nìkan ni ó kù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àwọn àgbà ni ó wí bẹ́ẹ̀.

Kí wá ni ọkọ́ wí? Ọkọ́ wí pé wọ́n gbẹ́ Erédò láàárín nǹkan bí 1370 sí 1420 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa. Nígbà náà Sólómọ́nì ti kú láti ohun tí ó ju ẹgbàá ọdún lọ.

Nígbà tí a sọ èyí ní Ìkòròdú, bàbá arúgbó kan tí ó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú dìde, ó sì bi wá tìbínú-tìbínú pé, “Ṣé ẹ wá gba Súngbọ́ lọ́wọ́ wa ni?” A dá a lóhùn pé, “Ẹ má bínú, Bàbá, Sólómọ́nì nìkan ni a gbà lọ́wọ́ yín.” Ilé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a kò fi ṣe àwàdà. Èédú kò sọ pé kò sí obìnrin ọlọ́rọ̀ kan tí ń jẹ́ Súngbọ́. Ọkọ́ kì í hú orúkọ jáde nínú ilẹ̀. Ẹ sì tún wo ohun tí ó fún wa ní ìpààrọ̀. Àwọn Potogí kò tíì dé etíkun wa ní 1420; ó tó àádọ́ta ọdún lẹ́yìn rẹ̀ kí ọkọ̀ wọn tó yọ. Nítorí náà kì í ṣe ìbọn Òyìnbó tàbí owó idẹ rẹ̀ ni ó kọ́ Erédò. Àwọn ènìyàn wa ni ó ro ó, ni ó wọ̀n ọ́n, ni ó bọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì gbẹ́ ẹ tán kí ẹnikẹ́ni tó ti òkun wá wò wọ́n. Nígbà tí Pacheco Pereira sì wá kọ̀wé pé yàrà ńlá yí Ìjẹ̀bú ká, ìwé rẹ̀ àti èédú kò bá ara wọn jà rárá.

Kí ni ó lé wọn dé ibi iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀? Chouin ti mú èrò kan wá pé àjàkálẹ̀ àrùn tí ó pa ìdá púpọ̀ nínú àwọn ará Yúróòpù ní àárín ọ̀rúndún kẹrìnlá lè ti dé ọ̀dọ̀ wa, kí ó sì ti da ìlú àtijọ́ rú, tí àwọn ìjọba tuntun fi dìde tí wọ́n sì ń mọ odi. Èrò ni, kò tíì di ẹ̀rí, a sì sọ ọ́ fún yín bẹ́ẹ̀. Àwa rántí ọdún 2020, nígbà tí ilé ìsìn wa wà ní títì tí ìlú sì ń fi igi dínà sí àlejò, a kò sì lè fi èrò náà ṣẹ̀sín.

Ẹ̀yin ará, a ti dé ibi tí ó mú wa kúrò nílé ní ìrọ̀lẹ́ yìí, òun sì ni ẹ̀ṣẹ̀ wa kejì.

Ní ìjọ kan náà tí a ti wàásù Ṣébà, a kọ́ ilé àlùfáà tuntun. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, omi a máa dúró níbẹ̀ ní ìgbà òjò, nítorí náà a ní láti kó ilẹ̀ pupa dà sí ìpìlẹ̀. Akápò wa rí ọkùnrin kan tí ó ń tà á ní ẹ̀dínwó. Típà méjìlá ni ó já sílẹ̀ fún wa, a sì yin akápò ní gbangba nínú ìjọ nítorí ọgbọ́n rẹ̀. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń tẹ́ ilẹ̀ náà, ọmọkùnrin kékeré kan nínú àwọn akọrin ń ṣa àpáàdì nínú rẹ̀. Ó kó wọn sínú fìlà, ó sì gbé wọn wá fún wa. Lára wọn ni ọ̀kan tí ó ní ìlà wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́ ní ọrùn rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin kan tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà ní, “Bàbá, ta ni ó ni ìkòkò yìí?” A ní kí ó lọ dà á nù, kí ó má bàa fi gé ara rẹ̀ lọ́wọ́.

Ó tó ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà kí a tó bá ọdẹ kan lọ wo Erédò fún ìgbà àkọ́kọ́. A ti ń rìn lórí òkìtì fún bí wákàtí kan nígbà tí òkìtì náà ṣàdédé parí. Ojú là gbàràgàdà. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti gé e pọ́n bí ẹran tútù, ipa ẹsẹ̀ katapílà sì wà nílẹ̀ tí koríko ti hù sí i. A fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n: ogójì ìṣísẹ̀. A bi ọdẹ náà pé ta ni ó kó o. Ó dárúkọ ọkùnrin tí ó tà á fún akápò wa, ó sì fi kún un, láì mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀, pé ilé Ọlọ́run ni wọ́n kó apá kan rẹ̀ lọ.

Orí Erédò ni a ti ń sùn láti ọdún mẹ́rin. Ohun tí wọ́n fi orí rù fún ọdún púpọ̀, típà méjìlá kó o ní ọjọ́ méjì, kò sì sí ẹni tí ó wọ̀n ọ́n, kò sí ẹni tí ó kọ ohun kan sílẹ̀, èédú inú rẹ̀ wà lábẹ́ sìmẹ́ńtì, ìkòkò obìnrin náà sì wà lórí ààtàn. Bí àwọn awalẹ̀pìtàn bá wá sí ọ̀gangan ibẹ̀ lọ́la, kò sí ohun tí wọn yóò bi ilẹ̀ léèrè.

A kò sọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹni tí ó bá wà nínú irú ilé tí a ti gbé kò lè ju òkò. A mọ̀ pé Èkó ń bọ̀ wá sí Ẹ̀pẹ́. Ó ti gba Ìkòròdú mọ́ra tán. Ẹni tí ó bá mọ Ìkòròdú ní ogójì ọdún sẹ́yìn kò ní mọ̀ ọ́n mọ́. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bojú wò láyé àwọn bàbá yín ni wọ́n ń tà ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù lónìí, àwọn kan nínú yín tí ó jókòó síhìn-ín sì ní ilẹ̀ tí Erédò gba inú rẹ̀ kọjá. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ń bẹ lọ́rùn yín. A kò ní sọ fún yín pé kí ẹ jókòó ti yàrà kí ẹ máa wò ó.

Ìjọba kò tíì ràn yín lọ́wọ́ tó. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá 1995 ni wọ́n ti kọ orúkọ Erédò sínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ohun ìní gbogbo ayé. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wọ inú ìwé gangan ní 2005. Erédò ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n àwọn ohun kan wà tí kò gba owó ìjọba. Kí ẹni tí ó bá ń wọn ilẹ̀ rẹ̀ sọ fún awọnlẹ̀ pé kí ó ya Erédò sínú àwòrán ilẹ̀ náà, kí ẹni tí ó rà á lè mọ ohun tí ó rà. Kí á má ṣe ta òkìtì ní típà; ilẹ̀ pupa wà níbòmíràn tí kò sí ọwọ́ ènìyàn nínú rẹ̀. Bí ọ̀nà tàbí ilé bá ní láti la inú rẹ̀ kọjá, kí á kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkàn tàbí sí Yunifásítì ní Ifẹ̀, kí wọ́n wá wò ó kí katapílà tó dé. Àwọn bàbá wa kò ní ìwé ilẹ̀, pèrègún ni wọ́n fi ń sàmì sí ààlà, gbogbo ẹni tí ó bá sì rí pèrègún mọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ kọjá. A ti bá baálẹ̀ méjì sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti gbà pé kí á gbin pèrègún sí ẹ̀bá òkìtì ní apá tiwọn. Ẹ̀ka rẹ̀ tí ó tó ọgọ́rùn-ún ti wà nínú àpò ní ẹ̀yìn ilé ìsìn.

Ní Sátidé tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́, a ó lọ gbìn wọ́n. Ọkọ̀ méjì yóò dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ yìí ní aago méje òwúrọ̀, wọn kò sì ní dúró de ẹni tí ó bá pẹ́. Kí olúkúlùkù wọ bàtà tí ó bo ẹsẹ̀, nítorí ejò. Kí á mú omi dání. Ẹ̀yin olùkọ́, kí ọmọ tí ó bá rí àpáàdì fi í sílẹ̀ níbi tí ó wà, kí ó sì pe wá láti wá wò ó.